Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹnu Náà Sinmi

Bí ọmọdé bá ṣubú tó fi àgbọ̀n lulẹ̀, iwájú etí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àgbọ̀n tó là tó ń ṣẹ̀jẹ̀, gbogbo èèyàn ló máa rí i; wọ́n á sáré wá òwú àti sípírítì, nọ́ọ̀sì á rán an, wọ́n á ní ó tán. Ṣùgbọ́n egungun párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò mọ sí àgbọ̀n. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú méjèèjì gòkè, orí rẹ̀ méjèèjì sì wọ inú kòtò kékeré kan níwájú ihò etí, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ fi ìka síbẹ̀ báyìí, kí ẹ lanu, kí ẹ pa á dé. Ohun tó ń yọ̀ lábẹ́ ìka yín yẹn ni mò ń sọ. Nígbà tí àgbọ̀n bá gbá ilẹ̀, agbára rẹ̀ kì í dúró síbẹ̀. Ó máa ń gba inú egungun lọ títí dé orí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti sábà máa ń fọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀jẹ̀ á yọ nínú etí, àwọn ará ilé á wá rò pé etí ló fara pa.

Bó ṣe rí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn. Màá máa pè é ní Àkànní níbí, torí ó ti tó ọjọ́ orí ẹni tí kì í fẹ́ kí wọ́n máa gbé orúkọ òun kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tó já bọ́ lórí igi máńgòrò nílé bàbá wọn lọ́nà Ìsẹ́yìn. Ilé ìwòsàn aládàáni kékeré tó wà nítòsí wọn rán àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n nu ẹ̀jẹ̀ etí rẹ̀ nù, wọ́n ní kó máa lọ ilé. Kò sẹ́ni tó ya X-ray. Kò sẹ́ni tó ní kó lanu kí àwọn wo ibi tó ń là dé.

Ẹnu ń ro ọmọ náà. Ẹkún ló ń sun tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ilé sì ṣe ohun tí ilé tó bá fẹ́ràn ọmọ máa ń ṣe: wọ́n ní kó sinmi. Ẹ̀kọ mímu láàárọ̀, ẹ̀kọ mímu lálẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ lọ́sàn-án. Ìyá àgbà wọn fi aṣọ ìdikù rẹ̀ kan gbá a lágbọ̀n, ó so ó lórí, kí egungun lè jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ìrora náà lọ, ọgbẹ́ àgbọ̀n san, gbogbo wọn dúpẹ́.

Ìsinmi yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ló jẹ ọmọ náà níyà ju igi máńgòrò lọ.

Inú oríkèé kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ jókòó sí. Bí orí egungun bá fọ́ síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kún inú àpò tó yí i ká, á sì dì. Bí ẹnu bá ń ṣí tó ń pa dé, ẹ̀jẹ̀ dídì náà kò ní ráyè jókòó, ara á máa kó o kúrò díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnu bá dúró gbagidi, ara á sọ ọ́ di ẹran àpá, ẹran àpá á le, tó bá yá egungun tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í hù nínú rẹ̀, títí párì ìsàlẹ̀ á fi so mọ́ egungun agbárí lókè. Ankylosis ni àwọn dọ́kítà ń pè é. Ọmọdé ló sì ń ṣe jù. Orí párì ọmọdé kún fún ẹ̀jẹ̀, ọrùn rẹ̀ kúrú, ó sì nípọn, nítorí náà tó bá gbá nǹkan, orí gan-an ló ń fọ́ túútúú, kì í kán lọ́rùn bíi ti àgbà. Bẹ́ẹ̀ egungun ọmọdé yára láti hu òmíràn. Ohun tí a fi ń yin ọmọdé, pé ọgbẹ́ wọn tètè ń jinná, òun ló ń ṣe wọ́n ní jàǹbá níbí. Ìlò nìkan ló ń sọ fún egungun méjì pé méjì ni wọ́n.

Ìdí nìyí tí àwọn dọ́kítà tó mọ iṣẹ́ yìí kì í fi í jẹ́ kí ọmọ tó fọ́ orí párì pa ẹnu mọ́ lọ títí. Oúnjẹ rírọ̀ fúngbà díẹ̀, oògùn ìrora, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lanu láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò bá bára mu mọ́, tó di dandan kí wọ́n fi wáyà dè wọ́n pọ̀, ọjọ́ méje sí mẹ́wàá ló máa ń jẹ́ fún ọmọdé, wọn kì í jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Oògùn ìrora yẹn, kó bàa lè lo ẹnu ni wọ́n ṣe ń fún un, kì í ṣe kó bàa lè dùbúlẹ̀.

Kò sí ọjọ́ kan pàtó tí ẹnu Àkànní pa dé. Òkèlè ló kọ́kọ́ kéré, ìyá rẹ̀ rò pé ọmọ náà kàn ń jẹun jẹ́jẹ́ ni. Lẹ́yìn náà kò lè gé àgbàdo jẹ lórí ṣùkù mọ́, ó ń yin ín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹran di ohun tí wọ́n ń gún fún un. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣíbí ìtíì kò wọlé mọ́. Eyín rẹ̀ kan ti kán lẹ́gbẹ̀ẹ́, àlàfo yẹn ni oúnjẹ ń gbà: àmàlà tí wọ́n fi ọbẹ̀ pò títí ó fi ń ṣàn, mílíìkì, ìrẹsì tó máa fi àtàǹpàkò tì wọlé ní ẹyọ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ń jókòó ti abọ́ kan náà nígbà tí àwọn tó kù ti fọ abọ́ tiwọn. Kò lè yán. Kò lè yọ ahọ́n sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyẹn sì ń yọ tirẹ̀ sí i lójoojúmọ́.

Ojú rẹ̀ náà ń yí padà. Orí párì wà lára ibi tí egungun àgbọ̀n ti ń dàgbà, bí ibẹ̀ bá ti gan, àgbọ̀n á dúró sí bó ṣe wà, ìyókù ojú á máa bá tirẹ̀ lọ. Ti Àkànní sún sẹ́yìn, ó sì yà sápá òsì. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń tan èèyàn jẹ: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó gan ló máa ń kún dáadáa lójú, èyí tó yè kooro ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Gbogbo àlejò tó ń bọ̀ nílé wọn ń káàánú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, tí kò ṣẹ̀ tí kò rò. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é ní Ẹlẹ́nu Ẹyẹ. Lóru, ó ń hanrun bí àgbàlagbà, nígbà mìíràn èémí á dá díẹ̀ kó tó tún mí kanlẹ̀, torí párì tó sún sẹ́yìn ti fún ọ̀nà ọ̀fun pa. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ibà lòun ń bẹ̀rù jù. Ibà máa ń mú èèyàn bì. Ọmọ tí kò lè lanu, tó bá bì, ibo ni èébì máa gbà jáde?

Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ, wọ́n ti gba ọ̀nà púpọ̀. Ẹnì kan ní ayé ló pa ẹnu ọmọ náà dé kó má baà sọ ohun tó rí. Wọ́n gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá kan fún wọn ní àgúnmu. Oníkẹ́mísì kan ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, bẹ́ẹ̀ tẹ́tánọ́ọ̀sì kì í fi ọdún mẹ́rin pa ẹnu dé. Ọjọ́ díẹ̀ ló máa fi ń ṣe é, gbogbo ara lá á sì le pẹ̀lú rẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ rántí àwọn ọmọ òkè Ọya tí àrùn noma jẹ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyẹn súnmọ́ ọn díẹ̀. Noma máa ń jẹ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ tí kò róúnjẹ tó dáa jẹ, àpá tó bá fi sílẹ̀ á fa ẹnu pa. Ilé ìwòsàn kan wà ní Sókótó tó jẹ́ pé torí tiwọn ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, ó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2023 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó fi àrùn náà sára àwọn àrùn tí ayé pa tì. Ṣùgbọ́n àpá lára ẹran nìyẹn. Ti Àkànní wà nínú egungun.

Dọ́kítà eyín kan tó wá ṣe àyẹ̀wò ní ilé ìwé wọn ló rí i. Ó ní kó lanu, ọmọ náà kàn ń wò ó. Ó béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo lọ́wọ́ tíṣà: "Ṣé ọmọ yìí ti ṣubú rí?"

Bí wọ́n ṣe dé ilé ìwòsàn ńlá nìyẹn, lọ́dọ̀ àwọn dọ́kítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ẹnu, párì àti ojú. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ, torí èmi ni mo ń gbé nílùú yẹn. Dọ́kítà fi rúlà pẹlẹbẹ kékeré kan wọn àlàfo eyín iwájú rẹ̀: mìlímítà 3. Àgbàlagbà tí nǹkan kan kò ṣe máa ń lanu tó mìlímítà 35 sí 50, èyí tí í ṣe ìka mẹ́ta tí a tò lé ara wọn lóòró. Ẹ dán an wò sí ẹnu ara yín, ẹ má jókòó. Wọ́n ya àwòrán CT, irú X-ray tó ń fi inú egungun hàn kedere. Lápá ọ̀tún, egungun méjì pẹ̀lú àlàfo dúdú tín-ín-rín láàárín wọn. Lápá òsì, kò sí àlàfo, kò sí orí, kò sí kòtò. Òkìtì funfun kan ló wà níbẹ̀. Ní 1986, dọ́kítà kan tó ń jẹ́ Sawhney pín àìsàn yìí sí ìpele mẹ́rin, láti orí èyí tí ẹran àpá nìkan so pọ̀ títí dórí èyí tí gbogbo oríkèé ti di egungun ẹyọ kan. Ìpele kẹrin ni ti Àkànní.

Ẹni tó dẹ́rù bà mí jù nínú gbogbo wọn kì í ṣe ẹni tó máa fi ọ̀bẹ là á. Dọ́kítà tó máa fún un ní oògùn oorun ni. Obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan ni, ó jókòó ti ìyá ọmọ náà, ó sì là á yé e. Ẹni tí wọ́n bá kùn lóorun fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, rọ́bà ni wọ́n máa ń gba ẹnu kì bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kó lè máa mí. Ẹnu yìí kò ṣí. Tí wọ́n bá sì kọ́kọ́ kùn ún lóorun, ahọ́n lè ṣubú dí ọ̀fun, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa dé ibẹ̀. Nítorí náà imú ni wọ́n máa gbà, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là díẹ̀, wọ́n á fọ́n oògùn tó ń pa ibẹ̀ kú, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí wá ọ̀nà lọ. Ibi tí kò bá ti sí ẹ̀rọ náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń fi etí gbọ́ èémí láti mọ ibi tí rọ́bà dé. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, wọ́n á lu ihò sí ọrùn. "A ti ní ẹni tó máa dúró tì wá fún ìyẹn," bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ síwèé. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ì bá lè fọwọ́ sí i.

Oníṣẹ́ abẹ ya iṣẹ́ tirẹ̀ fún wa sẹ́yìn fọ́ọ̀mù ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á là á níwájú etí, ọ̀bẹ á tẹ̀ gòkè wọ inú irun. Ibẹ̀ léwu, torí ibẹ̀ ni okùn iṣan tó ń gbé irun òkè ojú sókè tó sì ń pa ojú dé gbà kọjá. Ní 1979, dọ́kítà méjì, Al-Kayat àti Bramley, wọn ibi tó ń gbà lára òkú, wọ́n rí i pé ó lè súnmọ́ ihò etí tó mìlímítà 8, ó sì lè jìnnà tó mìlímítà 35, kò sí orí méjì tó dọ́gba. Tí wọ́n bá rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á dé orí òkìtì egungun náà, wọ́n á sì gé e kúrò. Kì í ṣe gígé lásán: àlàfo tí wọ́n máa dá síbẹ̀ gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan, kó máa lọ sí kan àti ààbọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ egungun á tún na ọwọ́ sí ara rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkìtì náà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan wà, òun ló mú wọn ní ká wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, igun egungun kan wà tó ta sókè níwájú orí párì, tí ẹran ẹ̀bátí so mọ́. Láti ọdún tí ẹnu kò ti là, ẹran yẹn ti kúrú, igun náà sì ti gùn. Wọ́n á gé òun náà. Bí ẹnu kò bá tíì là tó mìlímítà 35, wọ́n á lọ gé ti apá kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kejì kò ṣẹ̀. Wọ́n á wá fa díẹ̀ lára ẹran ẹ̀bátí wálẹ̀, wọ́n á fi tẹ́ inú àlàfo náà kí egungun méjì má baà fojú kanra mọ́. Ọgbọ́n yẹn ti pẹ́. Dọ́kítà Verneuil ní ilẹ̀ Faransé ti fi ẹran ẹ̀bátí ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1860. Orí párì tuntun sì ńkọ́? Egungun ìhà ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni, pẹ̀lú egungun rírọ̀ tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀. Gillies, ọkùnrin tó tún ojú àwọn ọmọ ogun ṣe ní Ìlú Ọba nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ló gbé ìyẹn jáde ní 1920. Ohun tó wù wọ́n nínú rẹ̀ fún ọmọdé ni pé ó lè bá ọmọ dàgbà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nígbà mìíràn kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, á wá ti àgbọ̀n sí apá kejì. Fún àgbàlagbà, oríkèé àtọwọ́dá wà tí wọ́n fi irin títáníọ́ọ̀mù ṣe, òkè òkun ló ti ń wá, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń rà á.

Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, dọ́kítà Kaban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tò ó sí ìgbésẹ̀ méje ní 1990, títí dòní òun ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé. Mẹ́fà nínú méje yẹn, inú yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ti ń parí. Dọ́kítà wa fi bírò tẹ ìkeje mọ́lẹ̀ lórí ìwé náà, ó gbójú sókè. "Ìyá Àkànní, tèmi ò le. Tiyín ló le. Ẹ máa ya ẹnu ọmọ yìí lójoojúmọ́, á máa dùn ún, ẹ ò gbọdọ̀ dúró."

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Mi ò ní fa ìyẹn gùn, torí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn la wà. Lórí tábìlì, ẹnu tó jẹ́ mìlímítà 3 là dé 38. Nígbà tí wọ́n rí inú rẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ láti ọdún wọ̀nyẹn, eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹrà káàkiri, búrọ́ọ̀ṣì kò dé ibẹ̀ rí; wọ́n yọ mélòó kan síbẹ̀. Irun òkè ojú òsì rẹ̀ kò gbéra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó jí. Ní ọjọ́ kejì, bó ṣe wú tó nì, pẹ̀lú báńdéèjì lórí, ó yán. Ojú ara rẹ̀ là kedere, ó fọwọ́ bo ẹnu kíákíá bí ẹni tí nǹkan fẹ́ já bọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wá kí i lọ́sàn-án, kí ó tó kí i padà, ó kọ́kọ́ yọ ahọ́n sí i.

Ìgbà tí wọ́n délé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ tí dọ́kítà máa fi ń tẹ ahọ́n ni wọ́n kó fún wọn, ìdì kan. Wọ́n á to ó lé ara wọn, wọ́n á kì í bọ àárín eyín ẹ̀yìn, wọ́n á wá ti òmíràn bọ àárín wọn, kó máa ya ẹnu díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ọdún kan ló dáa. Ọgbẹ́ inú rẹ̀ kò tíì jinná, ẹkún ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìyá àgbà kò gbà. "Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là lójú, ẹ tún ń fi igi ya á lẹ́nu! Ẹ jẹ́ kó jinná ná, ẹ̀yin ọmọ yìí." Ohun kan náà tó sọ lọ́jọ́ igi máńgòrò, ìfẹ́ kan náà sì ló fi sọ ọ́. Ó ń kó àwọn igi náà pamọ́ sísàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ̀. Wọ́n á wá a títí. Bàbá ọmọ náà, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni tí gbogbo gáréèjì ń bẹ̀rù, kò lè dúró nínú yàrá nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń ti igi mẹ́ta bọ̀ ọ́, omijé á bọ́ lójú òun náà, á yọ ọ́. Ní ilé ìwòsàn, nígbà tí a lọ ṣe àyẹ̀wò, a jókòó ti obìnrin kan tó ní iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ọmọbìnrin òun. Ti àkọ́kọ́ dára gan-an, ó ní. Ọmọ náà ń sunkún, wọ́n jẹ́ kó sinmi fún ìgbà díẹ̀, nígbà tí wọ́n máa padà sí i, ẹnu ti ń há. Ohun méjì ló sábà máa ń dá a padà: kí wọ́n má gé egungun náà tó, tàbí kí wọ́n má lo ẹnu náà tó. Èkejì yìí, inú ilé ló wà.

Ẹni tó gba Àkànní ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí kò ní àánú kankan. Òun ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ àwọn àgbà. Á jókòó lé àpótí, á fi orúnkún méjèèjì há ọmọ náà mọ́, á ti igi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta. Wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan pé tó bá pé ọgọ́rùn-ún, wọ́n á yọ ọ́. Àkànní ò lè sọ̀rọ̀, igi wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo agbára kíkà náà wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá rẹ́, kíkà náà á yá bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ. Lọ́jọ́ tó bá jẹ ẹran rẹ̀, àádọ́rin nìkan á tó ìgbà tí ẹ̀wà fi ń jinná. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó dé márùndínlọ́gọ́rùn-ún tó dúró, tó ní òun ti gbàgbé ibi tí òun dé, tó sì bẹ̀rẹ̀ láti ení. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ojú gún un pa. Ìyá àgbà jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń gbàdúrà kíkankíkan pé kí Ọlọ́run gba ọmọ òun lọ́wọ́ àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí.

Igi náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ọdún yípo, ìka mẹ́ta Àkànní ń wọlé láìfi ipá ṣe.

Kí ẹ má rò pé ti ọmọdé nìkan ni. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti rí ẹni tí ọ̀kadà gbé ṣubú, ẹnu rẹ̀ ni mo máa ń wò. Àṣíborí tí àwọn díẹ̀ ń dé, orí lásán ló bò, àgbọ̀n wà níta gbangba. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bá wó wọlé náà lè tẹ párì mọ́lẹ̀ kó má lè là, ìyẹn kì í ṣe oríkèé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún un ṣe sì yàtọ̀, bí wọ́n bá tètè dé. Àwọn tí wọ́n bá fi wáyà dè lẹ́nu, tí wọ́n ṣí i fún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, máa ń rò pé ìwòsàn ti parí ní ọjọ́ tí wáyà bọ́. Mo mọ mẹkáníìkì kan tó lọ sílé lọ́jọ́ náà, tí kò padà lọ sọ́dọ̀ àwọn físiọ̀ tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ẹnu, torí pé ó ti ń jẹ ẹ̀bà. Ẹ̀bà kì í wọn ẹnu o. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò gba ju ìka kan ààbọ̀ lọ lè gbé òkèlè ẹ̀bà mì láìmọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Ìka mẹ́ta ni kó fi wò, lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀, tó bá sì ń dín, kó padà lọ kíákíá. Nígbà tó ṣì jẹ́ ẹran àpá, eré ìdárayá nìkan lè tó. Tó bá ti di egungun, ọ̀bẹ ni.

Ohun tó kù fún Àkànní báyìí ni àgbọ̀n. Ẹnu ń là, ṣùgbọ́n àgbọ̀n ṣì kéré, ó ṣì yà sápá òsì, ó ṣì ń hanrun díẹ̀. Dọ́kítà ní ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè dúró títí egungun ojú rẹ̀ á fi parí ìdàgbà, kí wọ́n gé àgbọ̀n náà kí wọ́n sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tàbí kí wọ́n gé egungun párì, kí wọ́n de irin onískúrù mọ́ ọn, kí wọ́n máa yí i ní mìlímítà kan lójúmọ́, kí egungun tuntun máa hù sínú àlàfo náà bó ṣe ń ṣí. Ní 1992 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìròyìn jáde pé àwọn ti ṣe èkejì yìí fún párì èèyàn. Mo rò ó wò, ó yà mí lẹ́nu: egungun tí kò gbà láti má hù nígbà tí wọn ò fẹ́ ẹ, òun náà ni wọ́n tún fẹ́ bẹ̀ níṣẹ́.

Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n ṣe é kó tó wọ ilé ìwé gíga. Bàbá rẹ̀ ń ṣírò owó. Àkànní, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ní ojú tí òun ní yìí kò dí òun lọ́wọ́, òun ń jẹun, òun ń sọ̀rọ̀, ẹni tí kò bá wù kó gbójú kúrò. Ó sì béèrè lọ́wọ́ dọ́kítà ta ni yóò máa yí irin náà lójoojúmọ́. Dọ́kítà ní ẹnì kan nínú ilé ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti wà ní pólì báyìí, ó ní kí wọ́n má wo òun lójú, òun ò sí nílé mọ́. Ọmọ náà ní bí kì í bá ṣe òun, òun ò ṣe.